Bàbá Má-fọwọ́-kàn-án àti Ìbọn Karùn-ún

Kó tó jí lówùúrọ̀ ni inú ti máa ń bí i. Ẹ má rò pé mò ń ṣàsọdùn. Ìyàwó ẹ̀, obìnrin tó ti bá a gbé fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, ló sọ ọ́ pé lójú oorun gan-an ni ọkùnrin yẹn ti máa ń fajú ro, táá máa kùn pé, "Má fọwọ́ kàn án! Mo ní má fọwọ́ kàn án!" Nígbà tójú ẹ̀ bá wá là, á wẹ̀, á wọ ẹ̀wù iṣẹ́, á sì máa bínú lọ síbi iṣẹ́. Orúkọ tí wọ́n ń pè é níbẹ̀ náà nìyẹn: Bàbá Má-fọwọ́-kàn-án.

Iṣẹ́ ẹ̀ ni títọ́jú ìbọn. Igbó ńlá kan wà tí ìjọba ní kí ẹnikẹ́ni má pa ẹran ibẹ̀ láìgbàṣẹ. Ẹ̀ṣọ́ mẹ́jọ ló ń ṣọ́ ọ, ìbọn mẹ́jọ ni wọ́n sì ń lò. Ìbọn ọdẹ onífà ni gbogbo wọn, irú èyí tó ní irin kan lábẹ́ tí èèyàn máa ń ki ìka bọ̀. Tó o bá fa irin yẹn sílẹ̀, kòròfo ọta tó o ti yìn á fò jáde. Tó o bá dá a padà sókè, ọta mìíràn á wọlé. Wọ́n kọ nọ́ńbà sí ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti orí ení dórí ẹ̀jọ. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Bàbá fi tọ́jú wọn, kò sì sí èyí tó kọ̀ mọ́ ẹ̀ṣọ́ kankan lọ́wọ́ rí. Ó ku ọdún méjì péré kó fẹ̀yìn tì.

Yàrá ìbọn yẹn ò tóbi. Èèyàn mẹ́ta ò lè dúró síbẹ̀ kí ẹnì kan má tẹ ẹnì kejì lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀. Fèrèsé kan ló ní, irin wà lójú ẹ̀, ògiri ilé ìgbẹ́ ló sì kọjú sí. Bàbá tẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ sórí tábìlì kí súkúrù má baà yí bọ́ sílẹ̀. Ọ̀pá ìnu mẹ́rin ló gbé kọ́ ara ògiri, idẹ ni gbogbo wọn, torí irin máa ń ha irin. Ìyàwó ẹ̀ ló máa ń bá a gé àkísà láti ara aṣọ ìbùsùn tó ti gbó, kò sì gbọdọ̀ tóbi ju páálí ìṣáná lọ. Ní ti àwọn irin tó fi ń tú súkúrù, ọwọ́ ara ẹ̀ ló fi yún ẹnu wọn kó lè bá ojú súkúrù kọ̀ọ̀kan mu wẹ́kú. Ẹ̀ṣọ́ kan ṣèèṣì mú ọ̀kan nínú ẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó fi ṣí agolo mílíìkì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ ká sọ ohun tójú ẹni yẹn rí.

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ná. Á kọ́kọ́ fa irin abẹ́ ìbọn sílẹ̀, á wò ó bóyá ọta wà níbẹ̀. Kò ní gba ojú ẹ̀ gbọ́. Á ti ìka tó kéré jù bọ inú ihò, á tún fi tọ ẹnu ọ̀pá gígùn tí àwọn ọta máa ń tò sí. Ọta kan lè há síbẹ̀, kéèyàn máa rò pé inú ẹ̀ ṣófo. "Ojú máa ń parọ́," bó ṣe máa ń wí nìyẹn, "ìka kì í parọ́." Lẹ́yìn náà ló máa wá tú súkúrù ẹ̀gbẹ́, á yọ irin ìfà, á yọ irin àárín tó máa ń lọ tó máa ń bọ̀, àyà ìbọn á wá ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ìgbà yẹn ló máa ti ọ̀pá ìnu láti ẹ̀yìn, tí àkísà dúdú á gba ẹnu ìbọn jáde. Ìbọn onífà ò ṣí lẹ́yìn wẹ́rẹ́ bíi tàwọn ìbọn yòókù, àwọn ọ̀lẹ ló máa ń ti ọ̀pá bọ̀ ọ́ lẹ́nu, tí wọ́n á sì kó gbogbo ìdọ̀tí rọ́ sínú ibi tó yẹ kí wọ́n ti kó o jáde. Wọ́n á tún fi ọ̀pá ha ẹnu ẹ̀, ọta á wá máa lọ síbi tí wọn ò rán an. Bàbá ò lè gbọ́ irú ẹ̀ kó má tutọ́ sílẹ̀.

Tí gbogbo ẹ̀ bá ti mọ́, epo ìbọn kọ́ ló kù láti dà sí i gbuurugbu. Ẹ̀kán kan síbí, ẹ̀kán kan sọ́hùn-ún, á tún fi àkísà gbígbẹ nù ún kúrò títí tí ìka á fi máa sọ pé epo wà níbẹ̀ tí ojú á sọ pé kò sí. Epo púpọ̀ máa ń kó eruku, eruku àti epo ló sì ń di ẹrẹ̀.

Ẹ ò rí i pé iṣẹ́ ẹ̀ dáa. Ẹnu ẹ̀ ni ò dáa.

Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni gbogbo ìbọn ń wọlé wá fún ìtọ́jú, ṣùgbọ́n òfin ni pé ìbọn tí omi bá kàn gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ Bàbá lọ́jọ́ náà gan-an. Òfin tó dáa ni. Àmọ́ ẹni tó bá gbé ìbọn tútù wọlé, àánú ẹ̀ á ṣe yín. "Ṣé o wẹ̀ fún un ni? O ò kúkú mú ọṣẹ! O ò mú kànrìnkàn! Èwo ni ká wẹ ìbọn láìfi kànrìnkàn ha á lẹ́yìn?" Tíyẹn bá fẹ́ ṣàlàyé, á tún gbé e ju bẹ́ẹ̀ lọ: "Pa ẹnu ẹ dé! Orí tí Ọlọ́run fún ẹ yẹn, fìlà nìkan lò ń fi gbé?" Gbogbo ọ́fíìsì ló máa ń gbọ́ ọ. Àwọn akọ̀wé á máa rẹ́rìn-ín sínú ìwé. Láti bí ọdún mélòó kan, ìbọn tútù ò fi bẹ́ẹ̀ wọlé mọ́, Bàbá sì máa ń fi yangàn pé òun ti kọ́ wọn lọ́gbọ́n. Wọ́n ní ìbínú ò da nǹkan fúnni. Ó ní irọ́ ni wọ́n pa.

Nígbà tó wá di ọjọ́ Túsìdeè kan, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, mọ́tò àwọn ẹ̀ṣọ́ sáré wọ ọgbà, wọ́n gbé ọkùnrin kan sílẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ti bò látìsàlẹ̀. Ẹsẹ̀-ò-gbélé ni, ẹ̀ṣọ́ tó ń gbé ìbọn karùn-ún. Àbúrò ìyàwó Bàbá ló tún jẹ́, Bàbá fúnra ẹ̀ ló sì mú un wọṣẹ́. Abo ìmàdò kan tó lọ́mọ lẹ́yìn ló jáde sí i létí odò. Ó gbé ìbọn sókè, ó tẹ̀ ẹ́, ó dún "ká" lásán. Ó fa irin abẹ́ ẹ̀, irin náà lọ́ tìkọ̀ bí ìlẹ̀kùn tí òjò ti mu. Kó tó dá a padà, ẹranko náà ti ya á nítan dé egungun.

Bàbá sáré jáde pẹ̀lú àkísà lọ́wọ́. Ó wo ẹ̀jẹ̀ yẹn. Ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹ̀ rèé, gbogbo èèyàn ló gbọ́ ọ: "Ìbọn mi ńkọ́?"

Wọ́n gbé Ẹsẹ̀-ò-gbélé lọ sí ọsibítù. Ọ̀gá pe Bàbá sí ọ́fíìsì. Obìnrin ni ọ̀gá yìí, oṣù kẹjọ rèé tó dé, kì í pariwo, ìyẹn gan-an sì ni Bàbá ò fẹ́ràn lára ẹ̀. Ẹni téèyàn ń bá jà tí ò jà padà, ta ló fẹ́ irú ẹ̀?

"Bàbá, ẹ jókòó."

"Mi ò jókòó, màdáámù. Ta ló fọwọ́ kan ìbọn yẹn?"

"Ìbéèrè tí èmi náà fẹ́ bi yín nìyẹn. Ìgbà wo lẹ tọ́jú ẹ̀ kẹ́yìn?"

"Ó di oṣù méjì àtààbọ̀. Mo tú u, mo nù ún, mo tò ó padà, ó ń lọ ó ń bọ̀ bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ ọ́! Ìbọn tí mo bá tọ́jú kì í kọ̀! Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n! Ẹ̀yin ò tíì bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé girama nígbà tí mo ti ń—"

"Ó kọ̀ lónìí, Bàbá." Ó ní wọ́n ti ti ìbọn náà mọ́ inú dúráwà òun, kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn án títí di Fúráídeè, ìgbà yẹn ni Bàbá máa tú u lójú gbogbo ẹ̀ṣọ́. "Tó bá jẹ́ pé àìtọ́jú ló fà á, mi ò ní lè bò yín. Iṣẹ́ yín á bọ́, ìwé ìfẹ̀yìntì yín náà á sì mì. Tó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn ló tú ìbọn tí kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀, onítọ̀hún ló máa lọ. Ilé iṣẹ́ á sì yọwọ́ lọ́rọ̀ ẹ̀, tòun ti ìtọ́jú ọsibítù. Ẹ̀yin náà mọ òfin."

"Mo mọ̀ ọ́n! Èmi ni mo ní kí wọ́n kọ ọ́!"

Òótọ́ ló sọ. Òun gan-an ló ní kí wọ́n kọ ọ́.

Ó bínú délé. Ó ti géètì gbà, ó sọ bàtà méjèèjì sábẹ́ àga, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́ ìbọn karùn-ún. Ìyàwó ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọsibítù dé ni, ó sì ń ká aṣọ àbúrò ẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́.

"Bàbá Ìbejì," ni obìnrin náà wí, "wọ́n ní nígbà tí wọ́n gbé àbúrò mi sílẹ̀, ìbọn lẹ kọ́kọ́ bèèrè."

"Kí ni kí n bèèrè? Ṣé dókítà ni mí?"

"Ẹ ò bèèrè bóyá ó ṣì ń mí."

"Mo rí i pé ó ń mí! Ó ń pariwo! Ẹni tó ti kú máa ń pariwo ni?"

Obìnrin náà gbé aṣọ ẹ̀jẹ̀ yẹn lé e lọ́wọ́, ó bọ́ sí yàrá, ó sì ti ìlẹ̀kùn. Ó ń ṣe Bàbá bíi kó fọ́ nǹkan. Ó wo gbogbo pálọ̀, kò sí ohun tí kì í ṣe òun fúnra ẹ̀ ló tún un ṣe. Ló bá jókòó, ló bá gbé aṣọ náà mọ́ra, ó ń bínú.

Nígbà tó di Fúráídeè, wọ́n gbé tábìlì sí gbàgede ọ́fíìsì. Ọ̀gá gbé ìbọn karùn-ún lé e. Àwọn ẹ̀ṣọ́ méje yòókù tò sí ẹ̀gbẹ́ kan, kò sẹ́ni tó ń wo ojú ẹnì kejì. Bàbá tẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì ẹ̀, ó to irin ẹ̀ síbẹ̀, ó fa irin ìfà sílẹ̀. Ó fà bí ẹni ń fa ẹsẹ̀ jáde nínú ẹrẹ̀. Ojú Bàbá yí padà. Síbẹ̀ ó yọ ọta jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ti ìka bọ ihò, ó fi tọ ọ̀pá ọta. Ọta tó kù há síbẹ̀ lóòótọ́, ó fi ìka hú u jáde, ó sì gbé e ka iwájú ọ̀gá.

Ó wá tú súkúrù ẹ̀gbẹ́, ó yọ irin àárín. Ohun tó bò ó ò dúdú bí epo tó ti gbó. Pípọ́n ló pọ́n, ó ń lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́, ó sì ń fà bí oje ara igi. Ó ti di mọ́ gbogbo ara irin, ó ti di mọ́ abẹ́rẹ́ kékeré tó yẹ kó fò lu ìdí ọta. Báwo ni abẹ́rẹ́ yẹn ṣe fẹ́ fò? Ńṣe ló ń rìn bí aláìsàn.

Bàbá gbé e sí imú. Ló bá bú jáde.

"Ẹ gbóòórùn ẹ̀! Màdáámù, ẹ wá gbóòórùn ẹ̀! Gbogbo yín, ẹ wá! Òróró ìdáná ni! Òróró tí wọ́n fi ń dín àlùbọ́sà! Wọ́n ti dín ìbọn mi!" Ó gbé irin náà yí gbogbo wọn lójú, ó ń tì í mọ́ wọn nímú lọ́kọ̀ọ̀kan. "Òróró ìdáná kì í ṣe epo ìbọn! Tó bá ti pẹ́, àtè ló máa ń dà! Ta ló tú ìbọn yìí? Ta ni? Ṣé mo dín àlùbọ́sà nínú yàrá ìbọn rí?"

Ọ̀gá gbóòórùn ẹ̀, ó mi orí. Ó ní ọ̀rọ̀ ti yé òun, ẹ̀bi ò sí lọ́rùn Bàbá. Ẹni tí ìbọn wà lọ́wọ́ ẹ̀ ló gbọ́dọ̀ dáhùn. "Lọ́jọ́ Mọ́ńdeè ni mo máa kọ ìwé. Kí n tó kọ ọ́, màá lọ gbọ́ tẹnu ẹ̀ ní ọsibítù."

"Kí lẹ fẹ́ gbọ́? Ẹ kọ ọ́! Ó tọ́ sí i!"

Ó sọ bẹ́ẹ̀. Àna ẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀ sí, lójú èèyàn mẹ́jọ. Inú ẹ̀ tún ń dùn, torí orúkọ ẹ̀ ti mọ́. Ìbínú àti ìdùnnú lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀yin ẹ wo irú èèyàn bẹ́ẹ̀!

Ta ló wá fẹ́ dúró de Mọ́ńdeè? Láàárọ̀ Sátidé, ó ti dé ọsibítù. Ó ti to gbogbo èébú tó fẹ́ bú Ẹsẹ̀-ò-gbélé lọ́nà, ó tò wọ́n bó ṣe máa ń to irin sórí tábìlì. Bó ṣe wọ wọ́ọ̀dù báyìí, tó la ẹnu, tó ní, "Ìwọ olóríburúkú—" nọ́ọ̀sì kan dìde.

"Bàbá, àwọn aláìsàn ń sùn. Tẹ́ ẹ bá tún pariwo, ẹ máa jáde."

Bàbá wò ó láti òkè délẹ̀. Nọ́ọ̀sì náà wò ó padà, ó ká ọwọ́ gbera. Láyé Bàbá, ẹnikẹ́ni ò tíì ní kó fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bínú rí. Ó fa àga, ó jókòó ti bẹ́ẹ̀dì, ó sì tẹ orí ba.

"Òróró ìdáná," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Ìwọ. Òróró ìdáná."

Omi dà lójú Ẹsẹ̀-ò-gbélé. Wọ́n fi báńdéèjì di itan ẹ̀ tóbi bí ìrọ̀rí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Odò ló gbà á lọ́wọ́ mi. Mo ń kọjá lórí òkúta, ẹsẹ̀ mi yọ̀, ìbọn rì sómi. Ó ti lé lóṣù méjì. Ìgbà yẹn lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tọ́jú ẹ̀ tán."

"Kí ni òfin wí? Ọ̀dọ̀ ta ni kó o gbé e wá?"

"Mo gbé e wá."

"Irọ́ lò ń pa!"

Nọ́ọ̀sì wúkọ́. Bàbá sọ ohùn ẹ̀ kalẹ̀. "Irọ́ lò ń pa," ó tún un sọ jẹ́jẹ́.

"Mo gbé e dé ẹnu ọ̀nà yàrá ìbọn, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀ṣọ́ kan ló ti wà níwájú yín. Ìbọn tiẹ̀ náà tutù. Ẹ ní màlúù ní làákàyè jù ú lọ. Ẹ ní tí wọ́n bá gbé orí ẹ̀ sórí ìwọ̀n, afẹ́fẹ́ ló máa gbé e lọ. Ọkùnrin yẹn lọ́mọ mẹ́rin. Mo rí ojú ẹ̀ nígbà tó jáde. Mo dúró lẹ́yìn ògiri ilé ìgbẹ́. Mò ń sọ fún ara mi pé, wọlé, àna ẹ ni, kò lè pa ẹ́. Ẹsẹ̀ mi ò gbé mi. Mo bá gbé ìbọn lọ sílé, mo fi àkísà gbígbẹ nù ún, mo bu òróró nínú ìdáná ìyàwó mi. Ó dán, Ẹ̀gbọ́n. Ó ń dán gan-an. Mo rò pé ó ti dáa."

Bàbá fa àga sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Ṣé ìwọ nìkan ni?"

Ẹsẹ̀-ò-gbélé wo àjà. "Gbogbo wa ni. Ọdún kẹjọ rèé. Tó bá ti ku ọjọ́ méjì ká gbé ìbọn wọlé fún yín, ẹ̀yìnkùlé mi la máa ń kó wọn jọ sí. A máa fi bẹntiróòlù fọ òróró kúrò, kẹ́ ẹ má baà mọ̀. Tèyí ò tíì tó àkókò, ìmàdò ló kọ́kọ́ dé."

"Ẹ ń fi bẹntiróòlù fọ ìbọn mi."

"Kẹ́ ẹ má baà bú wa ni." Ó gbé ojú padà sí Bàbá. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọ́, mo lè sá fún ìmàdò. Igi wà níbẹ̀ tí mo lè gùn. Ẹ̀yin ńkọ́, ibo ni mo fẹ́ sá gbà? Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi lẹ jẹ́."

Bàbá dìde, ó jáde. Níta ọsibítù, ó rí páálí òfìfo kan, ó gbá a nípàá títí tí páálí yẹn fi fà ya. Àwọn èèyàn ń wò ó. Ta ló ń bá bínú? Tó bá bínú sí ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì, itan ẹ̀ ti ya. Tó bá bínú sáwọn méje yòókù, ìbọn ni wọ́n fẹ́ tọ́jú, ìtọ́jú òmùgọ̀ ni, àmọ́ ìtọ́jú ni. Ọdún mẹ́jọ! Ọdún mẹ́jọ ló fi ń gba ìbọn mímọ́ lọ́wọ́ wọn, tó ń mi orí, tó ń sọ fún gbogbo ayé pé òun ti kọ́ wọn lọ́gbọ́n, àṣé ọgbọ́n tó kọ́ wọn ò ju bí wọ́n ṣe máa fi nǹkan pamọ́ fún òun lọ. Ó tún gbá páálí náà.

Nílé, ó sọ gbogbo ẹ̀ fún ìyàwó ẹ̀. Ó rò pé á kígbe. Obìnrin náà ń gé àkísà, kò tiẹ̀ gbójú sókè.

"Mo mọ̀," ó ní.

"O mọ kí ni?"

"Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí àbúrò mi ti sọ fún mi."

Bàbá dìde dúró. "O mọ̀! O mọ̀ pé wọ́n ń fi òróró ba ìbọn jẹ́, o dákẹ́! O jókòó sílé mi, ò ń gé àkísà fún mi, o dákẹ́!"

"Ẹ ò gbọ́ ohùn yín báyìí?" Obìnrin náà gbé sísọ́ọ̀sì kalẹ̀. "Ṣé ẹ rò pé àwọn ẹ̀ṣọ́ nìkan ni ẹ̀rù yín ń bà? Ọwọ́ òsì la fi ń bá ọmọ wí, ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra. Ẹ̀yin, Bàbá Ìbejì, òsì méjèèjì ni Ọlọ́run fún yín. Àwọn ìbejì yẹn, tí wọ́n bá gba òdo nílé ìwé, èmi ni wọ́n máa ń fún ní ìwé, èmi náà á fi í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìyàwó ọmọ yín fẹ́ bímọ, ó ní kí n má tíì sọ fún yín. Ẹ̀bi tiyín kọ́ ni òróró. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá lé àbúrò mi, tí wọ́n fi ẹsẹ̀ ẹ̀ sílẹ̀ kó jẹrà, tí ẹ sì ń lọ sí yàrá ìbọn yín láàárọ̀ Túsìdeè bí ẹni tí ò ṣe nǹkan kan, ẹ má bá mi sọ̀rọ̀ mọ́."

Bàbá ò jẹun lọ́jọ́ náà. Lọ́jọ́ kejì, ó jẹ díẹ̀.

Láàárọ̀ Mọ́ńdeè, òjò ńlá kan rọ̀, ó sì dá. Bàbá dé ọ́fíìsì ọ̀gá kí ọ̀gá tó dé. Nígbà tíyẹn wọlé, kò tíì gbé báàgì sílẹ̀ tí Bàbá fi ní, "Ẹ kọ orúkọ mi."

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Síbo?"

"Sínú ìwé yẹn! Èmi ni!"

"Ṣé ẹ̀yin lẹ da òróró sí ìbọn ni?"

"Ta ló bi yín ní ti òróró?" Ó lu tábìlì. "Mo ní òfin pé kí wọ́n gbé ìbọn tútù wá. Wọ́n gbé e wá, mo sì fi ẹnu lé wọn padà! Ọkùnrin yẹn rìn dé ẹnu ọ̀nà mi, ó dúró sẹ́yìn ògiri ilé ìgbẹ́, ìlú burúkú wo lèèyàn ti máa ń sá fún èèyàn lọ sẹ́yìn ilé ìgbẹ́? Èmi ni mo dá a padà. Ọdún mẹ́jọ ni mo ti ń dá wọn padà. Iṣẹ́ mi ni kí ìbọn dé ọwọ́ mi. Kò dé. Ẹ kọ ọ́!"

Ọ̀gá jókòó. "Mo lè kọ̀wé sókè pé kí wọ́n fi ojú àánú wò ó."

"Àwọn wo lókè? Wọ́n fi ojú àánú wo ẹnikẹ́ni rí?"

"Rárá," ọ̀gá ní. "Orúkọ kan ni wọ́n máa ń fẹ́."

"Ṣé ẹ rí i!"

"Bàbá, ọdún méjì ló kù fún yín."

"Mo mọ ìṣirò, màdáámù!"

Ọ̀gá mú bírò. Ó kọ ọ́. Ó kọ ọ́ pé olùtọ́jú ìbọn kùnà láti gba ìbọn karùn-ún fún ìtọ́jú lásìkò, nítorí náà kí ilé iṣẹ́ máa bá ìtọ́jú ẹ̀ṣọ́ tó fara pa lọ. Bàbá kà á láti òkè délẹ̀, ó ní sípẹ́lì kan ò dáa, ó ní kó tún un kọ. Ọ̀gá tún un kọ. Bàbá wá yọ kọ́kọ́rọ́ yàrá ìbọn kúrò lára bẹ́líìtì ẹ̀, ó fi lélẹ̀, ó jáde. Ó ń bínú sí bírò, ó ń bínú sí àtẹ̀gùn, ó ń bínú sí oòrùn tó tètè yọ lẹ́yìn òjò.

Ó gba ẹ̀yìn ilé kọjá kí àwọn akọ̀wé má baà rí i. Ibẹ̀ ló ti pàdé ẹ̀ṣọ́ kan, ọkùnrin gíga kan tó ti bá wọn ṣiṣẹ́ fún ọdún mọ́kànlá. Ìyẹn ti igbó bọ̀, ó tutù láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó sì ń yọ́ rìn lẹ́bàá ògiri lọ sọ́nà ilé ẹ̀. Ó fi ẹ̀wù òjò wé nǹkan gígùn kan, omi ń kán nísàlẹ̀ ẹ̀. Nígbà tó gbójú sókè tó rí Bàbá, ó dúró gbagidi, ó sì fi nǹkan náà pamọ́ sẹ́yìn.

Bàbá mọ ohun tó jẹ́. Ó mọ̀ pé tí wọn ò bá tú u kí oòrùn tó mú, inú ẹ̀ á dípẹtà kó tó dọ̀la. Ìbínú gun òkè wá bó ṣe máa ń gùn, ó dé ọ̀fun ẹ̀, ẹnu ẹ̀ ti là. Ó pa á dé. Ó gbé ìbínú yẹn mì bí ẹni gbé egbòogi kíkorò mì, omi lé sí i lójú.

"Gbé e wá, ọmọ mi," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Jẹ́ n bá ẹ nù ún."

Ó na ọwọ́ sí i.

Ìbọn bọ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà sínú ẹrẹ̀, ó gbé apá méjèèjì bo orí.